Bó Ẹ̀wà, Kí N Bá Ọ Sọ̀rọ̀

Wọlé, wọlé. Kí ni ilẹ̀kùn mi ṣe fún ọ tí o fi gbá a báyẹn? Ilẹ̀kùn yẹn dàgbà jù ọ́ lọ o. Bàbá rẹ àtèmi la jọ lọ ra pákó rẹ̀ ní Bódìjà, ìwọ ò tíì sí láyé.

Gbé báàgì sílẹ̀. Bọ́ bàtà. O ò tíì kí mi, o ti ń rojọ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọlé tọ àgbà nìyẹn l'Ékòó? Ẹn-hẹ́n, kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún kan kọ́. Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. O káàbọ̀. Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?

Mo ti gbọ́. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́, àwọn ará ilé kejì náà sì ti gbọ́. O kúrò l'Ékòó ní aago 6 àárọ̀. Ọkọ̀ há ní Ìbàfò, ó tún há ní Mowé. Nígbà tó wá bọ́ lọ́wọ́ gosíló, rédíétọ̀ jò ní Ògèrè, gbogbo yín bọ́ sílẹ̀ sínú oòrùn. Aago 2 lẹ tó dé Ìwó Road. Ọ̀nà tí kò ju bí 130 kìlómítà lọ! Ebi ń pa ọ́, o lọ sọ́dọ̀ oní-POS kí o gba owó, àláàtì wọlé pé wọ́n ti yọ 15,000 náírà, owó ò sì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Pẹ̀lẹ́. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́, pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ tó burú ni.

Èyí tó dùn mí ni ìdí ọ̀rọ̀ rẹ, èyí tí o sọ bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ wálé: "Àǹtí, mo bú ọmọ oní-POS yẹn débi pé ó sunkún." Ó sunkún, ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí n tó mí, o tún ní, "Ṣùgbọ́n ó dára o, Àǹtí. Mo wà ní àlàáfíà nínú Jésù." Àlàáfíà wo, Àbẹ̀kẹ́? Eyín lo fi há ọ̀rọ̀ náà kí o tó jẹ́ kó jáde.

Fa àpótí yẹn mọ́ra, kí o jókòó. Abọ́ ẹ̀wà rèé. Ó ti mu omi tó. Fi ọwọ́ méjèèjì ra á kí èèpo máa bó. Àkàrà la óò dín lálẹ́ yìí. Rọra o, má fi èékánná yẹn gún ẹ̀wà mi. Èékánná wo tiẹ̀ nìyí, bíi ti àwòdì? Wọ́n sọ fún mi pé wọ́n ń gba owó ńlá kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ó dáa, mi ò ní sọ ti ìyẹn lónìí.

Kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná: mi ò bá ọ wí nítorí pé o bínú. Ta ló tiẹ̀ sọ fún ọ pé Kristẹni kì í bínú? Mo mọ̀ ọ́n, arábìnrin ẹgbẹ́ yín yẹn, tó ní ẹni tó bá ráhùn kò nígbàgbọ́. Sọ fún un pé mo kí i, kó sì lọ ṣí Sáàmù 88. Ráhùnráhùn ni ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí rẹ̀ sí. Kò fi halelúyà kankan bo ìdí rẹ̀. Àwọn tó kó Sáàmù jọ rí i bẹ́ẹ̀, wọn ò yọ ọ́ dànù. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí irú àwa náà lè rí nǹkan kà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá bà jẹ́ ní Ògèrè.

Àwa Yorùbá ló ni ìṣòro yìí ná, kí a tó wá fi Jésù kún un. Bí ilé bá ń jó lẹ́yìn wa tí ẹnìkan bá ní ṣé dáadáa ni, a óò ní a dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò kọ̀ ọ́, kò yẹ kí a máa da ẹrù wa sí ojúde oníkálukú. Ṣùgbọ́n a ti wá gbé "a dúpẹ́" yẹn wọ inú yàrá àdúrà. Ọlọ́run bi ọ́ léèrè, o ní ó dára. Ṣé àlejò ni? Ṣé o rò pé Ó ń kọjá lọ ni, tí Ó kàn kí ọ lójú ọ̀nà?

Nǹkan tí èmi rí nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ nìyí. Ẹjọ́ rẹ tọ́, ẹni tí o rò ó fún ni kò tọ́. Ọmọ oní-POS yẹn, ṣé òun ló ni báǹkì? Ṣé òun ló ṣe ẹ̀rọ? Abẹ́ agbòòrùn ló jókòó láti àárọ̀, èéfín mọ́tò ń fẹ́ sí i lójú, bóyá kì í tiẹ̀ ṣe òun ló ni ìsọ̀ náà, wọ́n gbà á síbẹ̀ ni. Àwọn tí owó rẹ wà lọ́wọ́ wọn ò lójú tí o lè wò, wọn ò sì létí tí o lè pariwo sí. Ni o bá kó gbogbo rẹ̀, ti Ìbàfò, ti Mowé, ti rédíétọ̀, ti oòrùn, ti ebi, o dì í ní ẹrù kan ṣoṣo, o gbé e ru ọmọ ọlọ́mọ. O wò yíká, o mú ẹni tí kò lè dá ọ lóhùn. Má wojú mi bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́, mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí.

Nígbà tí a ń gbé Òkè-Àdó ni. Bàbá rẹ mọ̀ nípa rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọkùnrin kan ló ń pọn omi fún wa, ó máa ń fi ọmọlanke kó kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ ìkórè ìjọ wa ni, ọjọ́ Àìkú. Ẹgbẹ́ wa ni yóò jó wọlé ṣìkejì. Mo ti ran aṣọ, mo ti de gèlè sílẹ̀ láti òru, kò sí omi tí mo máa fi wẹ̀. Aago 7, kò dé. Aago 8, kò dé. Iná ò sí, aṣọ ò ṣeé lọ̀. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n ń wò mí láti orí rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló tún wá ń bí mi nínú. Nígbà tí ọmọ yìí dé ní aago 9 kọjá, Àbẹ̀kẹ́, mo bú u. Mo bú ìyá tó bí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìlú tó ti wá. Mo wá wẹ̀, mo wé gèlè, mo lọ sí ilé Ọlọ́run, mo jó. Àwọn ènìyàn ná owó fún mi.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ Ajé, mo wá a dé ibi ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń tò, mo ní kó má bínú. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè, kẹ́ẹ̀gì ló ń dé lọ́rí. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin lọ́jọ́ yẹn."

Ìkẹrin! Obìnrin mẹ́ta ti bú u kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìdí nìyẹn tó tiẹ̀ fi pẹ́. Gbogbo wa la ní ìkórè tí à ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí inú bá ń bí mi sí ẹnikẹ́ni tó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo máa ń bi ara mi pé ẹ̀ẹ̀kelòó lèyí tèmi.

O ti dákẹ́. Ó dáa. Da omi ẹ̀wà yẹn nù, kí o bu òmíràn sí i. Èèpo ti léfòó. Yọ ọ́.

Níbo wá ni kí ènìyàn gbé e lọ? Èlíjà. Má ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tán, mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. O rántí iná tó sọ̀kalẹ̀ lórí Òkè Kámẹ́lì, nítorí pé òun ni wọ́n máa ń fi ṣeré ọ̀dọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo ń bá ọ sọ, Ìwé Ọba kìíní, orí 19. Wòlíì tó pe iná láàná ló ń sá fún obìnrin kan. Ó rin ìrìn ọjọ́ kan wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú pa òun, ó ti tó. Ó wá sùn. Áńgẹ́lì dé. Bí ó bá jẹ́ àwọn pásítọ̀ tiwa, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, wọ́n á ní kó jáde kúrò nínú ẹ̀mí ìrẹ̀wẹ̀sì. Áńgẹ́lì ò wàásù. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun. Kí ló gbé wá? Àkàrà! Àkàrà lórí ẹ̀yinná, àti orù omi. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àkàrà ẹ̀wà ni àwọn Hébérù ń dín, má bá mi jiyàn. Àkàrà ni Bíbélì wa pè é, àkàrà sì ni mo gbà. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn! Áńgẹ́lì tún padà wá, ó tún jí i, ó tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó wá dé Hórébù lẹ́yìn 40 ọjọ́ ni Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í pé kí ló wá ṣe níhìn-ín. Èlíjà ro ẹjọ́ rẹ̀. Ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó, ohùn kékeré dé, Ọlọ́run tún bi í ní ìbéèrè kan náà, Èlíjà sì tún ro ẹjọ́ kan náà, kò yí i padà rárá. Ka ẹsẹ 10, kí o ka ẹsẹ 14, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọlọ́run ò sọ fún un pé Mo ti gbọ́ tìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀mejèèjì, lẹ́yìn náà ló rán an níṣẹ́, iṣẹ́ tí òun àti ẹlòmíràn yóò jọ máa ṣe. Èlíjà tó ní òun nìkan ló kù, Ó fi Èlíṣà kún un.

Ebi wà lára ìbínú tìrẹ yẹn o. Kí ni o jẹ kí o tó kúrò l'Ékòó? Gálà! Gálà lo jẹ láti àárọ̀, o sì fẹ́ kí àlàáfíà tó ju òye lọ máa gbé inú rẹ.

O mọ̀ pé àwọn tó túmọ̀ Bíbélì yẹn sí èdè wa náà rí ọjọ́ tó burú. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé wọ́n mú wọn lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, pé wọ́n di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Èyí tí a kì í sọ ni ti 1862, kí wọ́n tó di bíṣọ́ọ̀bù, tí iná jó ilé wọn l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣà jọ fún bí ọdún 11, èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà, tí wọ́n fọwọ́ kọ, jóná. Kò sí fóònù nígbà náà, kò sí ibì kan tí ẹ̀dà rẹ̀ wà. O rántí bí o ṣe sunkún nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ bà jẹ́ tòun ti iṣẹ́ yunifásítì rẹ? Bàbá yìí kọ lẹ́tà, wọ́n sọ ohun tí wọ́n pàdánù, wọn ò pè é ní ohun kékeré. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Ní 1884 ni àwọn àti àwọn tó bá wọn ṣe é parí odindi Bíbélì Yorùbá, ọdún 22 lẹ́yìn iná yẹn.

Mi ò sọ ọ́ kí 15,000 tìrẹ má bàa dùn ọ́ o. Àwọn àgbà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú: o ní orí ń fọ́ ọ, wọ́n ní ẹnìkan ò lórí. Owó rẹ ni, jẹ́ kó dùn ọ́. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Bàbá Crowther ni pé ènìyàn lè sọ àdánù rẹ̀ bó ṣe rí, láìbò ó, kó má sì fi bú ẹni tó wà nítòsí.

Àwọn kan yóò wá sọ fún ọ pé gbogbo ohun tó bá bà jẹ́ ní ìtumọ̀. Wọ́n á tọ́ka sí Àpọ́sítélì Ayọ̀ Babalọlá, pé ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ títì ni wọ́n ń wà ní 1928, ó kọṣẹ́ lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákeji, ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń tún un ṣe tí wọ́n fi gbọ́ ìpè. Mo gba ìtàn yẹn gbọ́, ìyá mi wà lára àwọn tó jẹ èso rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó bá dúró ni Ọlọ́run dá dúró. Ní Ògèrè lónìí, rédíétọ̀ ló jò.

Kí lo bi mí? Bí èmi ṣe ń ṣe é? Ó ń tini lójú láti sọ. Ní ìdájí, bí mo bá ti bọ́jú tán, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn, kí n tó kọrin, kí n tó ka nǹkan kan, mo máa ń ka ohun tó ń bí mi nínú sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Olúwa, orúnkún òsì. Olúwa, owó ìfẹ̀yìntì tí kò wọlé. Olúwa, ìyá ẹgbẹ́ wa, ohun tó sọ ní ìpàdé, Ìwọ náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dákẹ́. Nígbà míì n kì í gbọ́ nǹkan kan, adìyẹ ni mo máa ń gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ tó ń gbé wàrà wá bá fi máa kan ilẹ̀kùn, mi ò ní ẹrù tí mo fẹ́ gbé lé e lórí mọ́. Ayálégbé tó wà lókè lọ sọ fún bàbá rẹ pé ọjọ́ ogbó ti mú mi, pé mò ń bá ọkọ mi tó kú jà ní ìdájí. Bàbá rẹ wakọ̀ wá láti Mọ́níyà láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú jàkẹ́ẹ̀tì lórí pijámà. Ṣé wọn ò sọ fún ọ ni? Á, wọ́n pa á mọ́ fún mi. Ọmọ ìyá dára.

Ìyá ẹgbẹ́ yẹn, a ti parí ìjà o. Ìjà obìnrin ìjọ kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Nínú Fílípì orí 4 tí gbogbo yín fi ń ṣe àmì sára ògiri nítorí àlàáfíà tó wà níbẹ̀, wo ẹsẹ kejì rẹ̀: Yúódíà àti Síńtíkè, obìnrin méjì tó ti bá Pọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́, wọn ò gbọ́ ara wọn yé mọ́. Inú túbú ni Pọ́ọ̀lù wà, ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń parí ìjà àwọn ìyá méjì lọ́nà jíjìn. Kò tíì dé ìdí àlàáfíà tí ẹ ń kọ sára ògiri tó fi dárúkọ wọn. Mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn sókè nínú ìjọ, níbo ni àwọn méjèèjì ń wò.

Kí ni aago wí? Ṣé ẹ̀wà ti bó tán? Ó funfun. O ṣe é dáadáa, ọwọ́ rẹ ò gbàgbé. Ti owó rẹ, lọ́jọ́ Ajé lọ sí báǹkì, mú ìwé àláàtì náà dání, sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí Ọlọ́run dá mọ́ ọ, má bẹ̀rù wọn. Ìwó Road náà lo sì máa gbà padà. N óò dín àkàrà òmíràn ní ìdájí, kó gbóná. Mẹ́fà fún ìwọ, mẹ́fà fún ọmọ yẹn. Kí o kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ kí o tó nawọ́ àkàrà sí i, kó má bàa rò pé o ra ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì kọ̀ tí kò gbà á, gbé e sórí tábìlì rẹ̀, kí o máa lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Gbé blender wá. Já ata rodo méjì sí i, àlùbọ́sà wà lábẹ́ síńkì. Jẹ́ kí a tètè lọ̀ ọ́ nígbà tí iná ṣì wà, láti àná ni àwọn oníná ti ń ṣe wá bákan. Da ìdajì ná, má jẹ́ kó kún. Ó ti gbá mú... Ẹn-hẹ́n...

Ṣíọ̀! Ẹ gbà mí! Ṣé ẹ rí àwọn aláìláàánú wọ̀nyí? Ìdajì ẹ̀wà! Ìdajì ẹ̀wà ni wọ́n jẹ́ kí n lọ̀! Ọmọ tó lè máa mú iná lọ nígbà tí...

Ẹ̀rín kí nìyẹn? Àbẹ̀kẹ́, mo ní ẹ̀rín kí nìyẹn? Dìde lórí àpótí mi. Olúwa, O gbọ́ bí mo ṣe wí, O sì rí ọmọ yìí bó ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọlọ wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Gbé e wá, kí o fọ̀ ọ́ kó mọ́. Mú tọ́ọ̀ṣì dání, ibẹ̀ ń yọ̀.